Ojúlé Lẹ́tà Ka

Ní gúúsù erékùṣù Mindoro, ní orílẹ̀-èdè Fílípíìnì, àwọn Hánúnóò máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ̀wé sára ọparun. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ń fín in, tí ọwọ́ ń jìnnà sí àyà akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ambahan, ewì wọn tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sílébù méje. Ọ̀kan nínú lẹ́tà wọn nìyí: ᜣ, ka. Ní ọdún 2002, Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ka ní nọ́ńbà tirẹ̀: 5923. Kí ni ká máa pe irú nọ́ńbà yìí ní Yorùbá?

Kóòdù ló yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun àṣírí ni kóòdù ń mú wá sí ọkàn wa. Mo wá ronú kan àrokò. Nọ́ńbà ń sọ̀rọ̀ nínú àrokò: owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ọ, mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ yín jọ. Síbẹ̀, ẹni tó gbé àrokò lè má mọ ohun tó gbé, bẹ́ẹ̀ Unicode kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìró “fà” wà nínú ẹẹ́fà, àmọ́ kò sí ìró ka nínú 5923. Ibi tí ka ń gbé nìkan ni nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí.

Ìdí nìyí tí mo fi yan ojúlé. A lè kun ilé lọ́dà tuntun, a lè pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, ojúlé rẹ̀ kò ní yí padà. Fọ́ǹtì kan lè kọ ka kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà ọ̀bẹ, òmíràn lè kọ ọ́ kó sanra: ìrísí ló yàtọ̀, ojúlé ò yẹ̀. Bí fóònù rẹ kò bá ní fọ́ǹtì Hánúnóò, àpótí òfìfo ni wàá rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sọnù. Ó wà ní 5923. Bí a bá pe ìrísí àti nọ́ńbà ní “àmì” bákan náà, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ọmọ iléèwé?

Àwọn ojúlé tó wà pa pọ̀ ló di agboolé. Agboolé Hánúnóò bẹ̀rẹ̀ láti 5920 títí dé 5951, ààyè 32. Lẹ́tà àti àmì ti gba 23. 9 ṣì ṣófo, bí ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí.

Ka ti ní fáwẹ̀lì a nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ki yóò fín ìlà kékeré kan mọ́ ọn: ᜣᜲ. Ojúlé méjì nìyẹn, 5923 fún ka, 5938 fún àmì i tí kì í dá dúró. Àfòmọ́ ìbá bá irú àmì bẹ́ẹ̀ mu, nítorí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀, àmọ́ àwọn onígírámà ti gba ọ̀rọ̀ náà fún iṣẹ́ mìíràn. Àmì àgbékọ́ ni mo pè é: lẹ́tà ni igi, òun la gbé kọ́ ọ.

Wàyí o, ẹ wo lẹ́tà tiwa. Lẹ́tà é ní ojúlé tirẹ̀, 233. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀, 7865. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì sísàlẹ̀ àti ohùn òkè, kò ní ojúlé kan ṣoṣo nínú gbogbo Unicode: 7865 ni, pẹ̀lú àmì àgbékọ́ 769 lórí rẹ̀. Nígbà tí àmì ohùn bá yẹ̀ kúrò lórí ẹ, tó lọ dúró lórí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fọ́ǹtì tí kò mọ bí a ṣe ń gbé e kọ́ ló sábà máa ń fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ojúlé, ìrísí àti àgbékọ́ yóò mọ ibi tí ọ̀ràn wà, yóò sì lè fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì. Lára ọparun Mindoro ni mo ti ń wá àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Lórí ẹ́ ni mo ti rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.