Ìdí tí iná kì í fi í lọ nínú bàálù

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo àwa tí a wọ bàálù wá sí òkè òkun la ti rí i: o ti jókòó, o ti de bẹ́líìtì, bàálù fẹ́ máa fà sẹ́yìn, ni iná inú rẹ̀ bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà. Ọmọ Nàìjíríà á fẹ́ pariwo "Up NEPA!" Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí a bá yí switch nílé láti ara jẹnẹrétọ̀ sí NEPA. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ìdí bàálù tí wọ́n ń pè ní APU, òun ló máa ń gbé iná nílẹ̀. Tí àwọn ẹ́ńjìnì ńlá bá ti ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ara wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni iná ti ṣẹ́jú yẹn.

Ṣùgbọ́n kí iná bàálù tó di ohun tí a lè fọkàn tán báyìí, ẹ̀mí èèyàn ti bá a lọ.

Láyé àtijọ́, irú iná tí bátìrì ń gbé jáde, DC, fóòtì 28, ni bàálù ń lò. Ó tó fún gílóòbù díẹ̀ àti rédíò. Nígbà tí bàálù ń tóbi sí i, wáyà tó máa gbé irú iná bẹ́ẹ̀ kiri ní láti nípọn gan-an, ìwúwo sì ni ọ̀tá bàálù. Wọ́n bá yí sí AC, irú tilé wa, fóòtì 115. Iná ilé ní Nàìjíríà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìgbà 60. Ti bàálù jẹ́ 400, torí bó bá ṣe yára tó ni irin inú transformer ṣe lè kéré tó.

Wàhálà wá dé. 400 yẹn kò gbọdọ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì kì í sáré bákan náà. Nígbà tí bàálù bá ń gbéra, á máa sáré burúkú. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á rọra. Ẹ ṣáà ti rí jẹnẹrétọ̀ tí epo kò lọ dáadáa nínú rẹ̀, tí gílóòbù á tàn yòò, tí á tún ṣókùnkùn. Ilé iṣẹ́ Sundstrand ní Rockford, ní Illinois, ló ṣe gíà kan tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́, tó dúró sáàárín ẹ́ńjìnì àti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹ́ńjìnì sáré bó ṣe wù ú, bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ á máa yí. Bàálù ajàgun B-36 lò ó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kó tó wá dé inú bàálù èrò bíi Boeing 707 tí Pan Am fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958. Lójú tèmi, gíà yìí tọ́ sí ìyìn ju bó ṣe ń gbà á lọ. Nínú 737 ayé ìsìnyí, jẹnẹrétọ̀ ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ń gbé 90 kVA. Kó "I better pass my neighbour" 100 jọ, wọn ò tíì bá a dọ́gba.

Ibi tó ń dun èèyàn ló kàn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1969, bàálù United 266, Boeing 727, gbéra ní Los Angeles lálẹ́. Ẹ́ńjìnì mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú jẹnẹrétọ̀ náà ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n òfin gbà kí wọ́n fi méjì fò. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ni ìkìlọ̀ dún pé iná ń jó lára ẹ́ńjìnì kan. Wọ́n pa á, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ. Ó ku ẹyọ kan, gbogbo ẹrù já lé e lórí, òun náà kú. Òkùnkùn dé. APU wà nínú 727, òun gan-an ni bàálù jẹ́ẹ̀tì èrò tó kọ́kọ́ ní in, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́. Bátìrì náà wà. Ìdí tí kò fi gba iṣẹ́ náà, àwọn olùwádìí kò rí i fìdí múlẹ̀. Nínú kùrukùru lálẹ́, lórí òkun, tí páílọ̀ọ̀tì kò bá rí aago tó ń sọ fún un bóyá apá bàálù dọ́gba, ara rẹ̀ á máa parọ́ fún un. Bàálù náà já sínú òkun. Èèyàn 38 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè.

Ẹ wò ó dáadáa: iná kò wọ́n nínú bàálù yẹn. Èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni kò dá dúró, ó ń retí kí ẹnì kan fọwọ́ tẹ nǹkan nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé bàálù jẹ́ẹ̀tì ńlá gbọ́dọ̀ ní aago kan lọ́tọ̀, tí iná rẹ̀ kò ti ara jẹnẹrétọ̀ wá, tí á ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, láìjẹ́ pé páílọ̀ọ̀tì tẹ ohunkóhun.

Ọdún 14 kọjá. Ẹ̀yin ará Kánádà lè mọ ìtàn yìí: ọjọ́ 23 oṣù keje 1983, Air Canada 143, Boeing 767, láti Montreal gba Ottawa lọ sí Edmonton. Wọ́n fi páùn ṣe ìṣirò epo níbi tó yẹ kó jẹ́ kílò. Wọ́n wà lókè ní 41,000 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dún, kò sì pẹ́ tí ẹ́ńjìnì méjèèjì fi kú. Epo kan náà ni APU ń mu, kò lè gbà wọ́n. Àwọn ojú bíi tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú páílọ̀ọ̀tì di dúdú. Ohun tó kù ni aago kéékèèké mélòó kan tí bátìrì ń gbé, àti fáànù kan tó yọ láti abẹ́ bàálù, tí atẹ́gùn ń yí, tó ń fún wọn lágbára láti darí rẹ̀. Bob Pearson àti Maurice Quintal fi ìyẹn sọ̀ sí pápá àwọn ológun tẹ́lẹ̀ ní Gimli, ní Manitoba, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje lọ́jọ́ náà! Gbogbo èèyàn 69 ló jáde láàyè. Ọwọ́ Pearson ni gbogbo ayé ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi, aago kékeré yẹn ni mo máa ń rántí, àti àwọn 38.

Boeing 787 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011 tún gbé tirẹ̀ dé. Atẹ́gùn gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnì ni àwọn bàálù yòókù fi ń fún èrò ní atẹ́gùn, tí wọ́n tún fi ń yọ́ yìnyín apá. Iná ni 787 ń lò fún méjèèjì. Jẹnẹrétọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, 250 kVA lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tiẹ̀ ti ju gíà Sundstrand nù: jẹnẹrétọ̀ ń sáré bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré, ẹ̀rọ mìíràn ló ń tún iná náà ṣe fún ohun tí kò bá gba ségesège. Bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ lithium, irú ti fóònù wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2013, ọ̀kan gbiná nínú bàálù Japan Airlines nílẹ̀ ní Boston, àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 16, èéfín yọ nínú ti ANA, wọ́n sáré sọ̀ ní Takamatsu ní Japan. Ni wọ́n bá dá gbogbo 787 dúró káàkiri ayé títí di oṣù kẹrin. Boeing tún inú bátìrì náà ṣe, wọ́n gbé e sínú àpótí irin, wọ́n sì fi páìpù sí i tí èéfín á máa gbà jáde síta. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.