Bí A Ṣe Lè Mọ Ojúlówó Ohun Èlò Ọkọ̀ Òkun Ìgbà Ogun tí Wọ́n Ń Tà lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń rí àwọn tó ń ta agogo, àwo ìjẹun àti fìtílà tí wọ́n ní láti inú ọkọ̀ òkun tó rì nígbà ogun ni àwọn ti hú u jáde. Ayétẹ̀ àti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá jìnnà sí òkun. Àwòrán orí fóònù nìkan ni olùrà ń rí kó tó sanwó. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ibi tí ẹrù ti wá fi ṣe pàtàkì ju ìrísí rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ ọkọ̀ Mendi

Ọkọ̀ SS Mendi, tí wọ́n kàn ní ọdún 1905, máa ń ná Liverpool sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ogun aláwọ̀ dúdú láti Gúúsù Áfíríkà, ó sì yà sí Èkó, níbi tí wọ́n ti gbé ìbọn ńlá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, ọkọ̀ SS Darro kọlù ú nínú kùrukùru nítòsí erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn tó lé ní 600 ló kú.

Ní ọdún 1974, àmì British and African Steam Navigation Company, ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, tó wà lára àwo ìjẹun inú rẹ̀ ni wọ́n fi dá àwókù náà mọ̀. Ní ọdún 2017, ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ fi agogo Mendi sílẹ̀ fún oníròyìn BBC kan. Wọn kò tà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Theresa May, olórí ìjọba Ìlú Ọba, fà á lé Ààrẹ Cyril Ramaphosa lọ́wọ́ ní Cape Town.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò

1. Ìtàn ọkọ̀: Ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó rì àti ibi tó rì. Ẹ fi ìdáhùn náà wé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òkun, irú èyí tí Lloyd's Register ń tọ́jú.

2. Àmì ara ẹrù: Àmì ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ àti ọdún mu. Àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1917 kò lè ti inú Mendi wá.

3. Ohun tí wọ́n fi ṣe é: Irin òòfà kì í fa idẹ. Bí ó bá fa agogo tí wọ́n pè ní idẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin tí wọ́n fi idẹ bò. Síbẹ̀, idẹ gidi nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí wọ́n ń rọ agogo tuntun tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ àtijọ́ sí lára fún ọ̀ṣọ́ ilé.

4. Ìwé: Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá hú nǹkan jáde láti inú àwókù ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì Receiver of Wreck létí láàrin ọjọ́ 28. Ẹ béèrè ìwé tó fi èyí hàn. Ìwé-ẹ̀rí tí olùtajà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò tó.

Ojúlówó lè jẹ́ ẹrù òfin

Ibojì ni àwókù Mendi jẹ́. Láti ọdún 2009 ni òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1986 lórí àwókù ọkọ̀ ogun ti ń dáàbò bò ó. Nàìjíríà pẹ̀lú fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé abẹ́ omi ní ọdún 2005. Àdéhùn náà lòdì sí fífi ohun tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lábẹ́ omi ṣòwò. Nítorí náà, bí olùtajà bá fi hàn pé ojúlówó ni ọjà òun, ẹ tún béèrè ẹ̀tọ́ tó ní láti tà á.

Bí ẹ bá ti rà á

Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má sì ha ara rẹ̀, nítorí ìyẹn lè pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé owó àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtajà sọ. Ẹ lè béèrè ìtọ́sọ́nà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, Ìbàdàn, tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Akiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ jìbìtì, ẹ tètè sọ fún báńkì yín àti àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ni ìbéèrè ti wúlò jù.