Ẹni Tó Kórìíra Oògùn: Bí A Ṣe Ṣẹ̀dá Òjó Aláago

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde lè má mọ eré yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Kò dà bíi lúdò tí à ń fi ọmọ ayò yí bọ́ọ̀dù ká. Ẹnì kan yóò jẹ́ apìtàn, àwọn yòókù yóò ṣẹ̀dá ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan. Apìtàn á sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, oníkálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti mọ irú ayé bẹ́ẹ̀: igbó, iwin, akọni tó kóra jọ, ìrìn àjò tí kì í tán bọ̀rọ̀.

Àwa márùn-ún là ń ṣe é ní Alápẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ìyá alágbo wà ní ẹ̀gbẹ́ títì lápá kan, kẹ́míìsì wà lápá kejì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bá àwọn méjèèjì wí láti òkè. Apìtàn wa gbé ìtàn náà kúrò nílẹ̀ òyìnbó wá sí ilẹ̀ kan tó jọ tiwa. Kíá ni wọ́n ti pín agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ẹnì kan gba àdáhunṣe, ẹnì kan gba ọdẹ tó ní egbé, ẹnì kan gba jagunjagun tí okígbẹ́ kún ara rẹ̀. Mo ní èmi fẹ́ ẹni tó kórìíra gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Nínú eré náà gan-an, irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Gygax fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀kan, ó sì wà nínú ìwé Unearthed Arcana tó jáde ní 1985: ará oko alágbára kan tí kì í fẹ́ bá onídán rìn, tí kì í fọwọ́ kan ohun èlò idán níbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Bó bá fọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀ túútúú, ó gba máàkì fún un. Bó sì ti ń gòkè sí i ni èèwọ̀ náà ń dẹ̀ fún un. Ọgbọ́n wà nínú òfin yìí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgbẹ́ ló ti wá, kò mọ idán, ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Bí ẹ bá ń wá oògùn gidi, ṣebí ọ̀dọ̀ ará oko lẹ máa kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí n ṣe aláìgbàgbọ́, ẹni tó ń sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn kò lè pẹ́ láyé eré yìí. Ẹni tí wọ́n pe ọfọ̀ lé lórí tó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, tó jí tó tún ní irọ́ ni, òmùgọ̀ ni yóò jẹ́, kì í ṣe akọni.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ tún dí mi lọ́wọ́. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Idán tiwa, ti apidán ni, ti eégún alárìnjó, ohun ìwòran. Oògùn ni agbára wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n fi ń dènà ọta, oògùn ni wọ́n fi ń pa kòkòrò, oògùn náà ni paracetamol tí ẹ rà ní kẹ́míìsì lánàá. Ẹni tó bá wá la ẹnu sọ lédè Yorùbá pé òun kò ní lo oògùn mọ́ láé, kí ló kọ̀ gan-an? Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè yìí rí, wọ́n sì fi ara wọn dáhùn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní lùkúlùkú dé Èkó, kò sì pẹ́ tó fi ràn wọ ìlú òkè. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kò rí i ṣe, dókítà òyìnbó náà kò rí i ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, àwọn kan kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Ṣàdáre wà nínú wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Òkúta Iyebíye. Wọ́n kọ àgbo, wọ́n kọ oògùn ilé ìwòsàn, wọ́n ní àdúrà nìkan. Nígbà tó yá, wọ́n di ara ìjọ kan tí oríkò rẹ̀ wà ní Philadelphia, Faith Tabernacle, tí òun náà ń kọ́ni pé Ọlọ́run nìkan ló ń woni sàn. Ìwé ló gbé ẹ̀kọ́ náà wọlé láti Amẹ́ríkà, èmi kò sọ pé èdè Yorùbá ló bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó bá ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ tó ti so babaláwo àti dókítà pọ̀ sínú okùn kan náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan o. Láàárín 1913 sí 1914, William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Liberia, rin Ivory Coast já dé Gold Coast pẹ̀lú aṣọ funfun, ọ̀pá àgbélébùú àti igbá omi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kó ère àti oògùn wọn sínú iná nítorí rẹ̀, títí tí àwọn Faransé fi lé e padà. Garrick Braide náà ṣe irú rẹ̀ ní agbègbè Niger Delta, ìjọba sì mú un ní 1916. Mo fi wọ́n sílẹ̀ torí pé mo ti rí èyí tí mò ń wá nítòsí.

Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni. Wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ní 1904. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe ọmọ àgbàlá ọba. PWD, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, ló gbà á síṣẹ́, róólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ ló sì ń wà. Ẹ wo ibi tí ìtàn yìí ti yàtọ̀ sí ti Gygax: ẹni tó máa kórìíra oògùn jù lọ nílẹ̀ wa, inú ẹ̀rọ ló ti jáde wá. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ tó lajú jù lọ lákòókò náà. Ní oṣù Kẹwàá 1928, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkéjì-Arákéjì, róólà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò rí ohun tó ṣe é. Ibẹ̀ ló ti sọ pé òun gbọ́ ohùn tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí òun lọ máa wàásù. Nígbà tó padà dé Odò-Ọwá tó fi èédú kun ara, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní oṣù Keje 1930, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle pàdé ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà. Babalọlá wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó gbàdúrà fún òkú ọmọ kan, ọmọ náà sì jí. Ìròyìn náà ràn. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ti ń wọ́ wá, onílọ́rì àti ẹlẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò àti kèrègbè tí wọ́n fẹ́ kó gbàdúrà sí omi inú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gba omi ni wọ́n ń kó ońdè, ìfúnpá, ìgbàdí àti ère jáde láti ilé, wọ́n ń dáná sun ún.

Èyí ló yí èrò mi padà nípa ẹ̀dá-ìtàn tí mo fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó ń dáná sun ohun tó gbà pé igi lásán ni. Babalọlá àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò sọ pé oògùn kò jẹ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́, pé ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá ni kò dára. Wọ́n gbà á gbọ́ tó babaláwo fúnra rẹ̀. Agogo ọwọ́ àti omi àdúrà tí òun náà ń lò, ẹni tó bá dúró lókèèrè lè bi í pé kí ni wọ́n fi yàtọ̀ sí oògùn. Àdáhunṣe inú ẹgbẹ́ wa bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní gan-an, ó sì fi ẹ̀rín sí i.

Ìdáhùn mi wá láti inú kíláàsì wa. Nínú ọfọ̀, ènìyàn ń pàṣẹ: ó mọ orúkọ nǹkan, ó mọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ohun tó bá pè gbọ́dọ̀ jẹ́. Nínú àdúrà, ó ń bẹ̀bẹ̀ ni; ẹni tó ń bẹ̀ sì lè ní rárá. A sọ èyí di òfin eré. Bí àdáhunṣe bá pe ọfọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ju dáìsì, ó sì ń rí i. Bí Òjó Aláago, onírólà tẹ́lẹ̀, bá lu agogo rẹ̀ tó gbàdúrà, apìtàn ló ń ju dáìsì sábẹ́ ìwé, Òjó kì í rí i. Kò ní mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ òun títí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ yóò fi ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù máa ń bani.

Mo tún fẹ́ kí ìkórìíra náà ná an ní nǹkan, torí pé ó ná àwọn onítàn gidi. Ní 1931, àwọn aládùúrà yìí ké sí ìjọ Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó náà gba ìwòsàn àdúrà gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo kíníìnì nítorí ibà. Lójú àwọn Babalọlá, oògùn ni oògùn ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó pín wọn níyà ní òpin ọdún mẹ́wàá náà, ìyẹn ló sì bí ìjọ tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church lónìí. Gygax ní kí èèwọ̀ máa dẹ̀ bí ènìyàn bá ti ń gòkè. Àwọn yìí gòkè, èèwọ̀ wọn le sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá ta ọfà olóró mọ́ Òjó, ẹ̀rọ̀ tí àdáhunṣe ní lápò kò lè wúlò fún un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́ẹ̀mejì.

Apá tó le jù nìyí. Ní 1932, wọ́n ju Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Àwọn ìjọ rẹ̀ ń pe èyí ní inúnibíni, mo sì mọ̀ pé ìjọba amúnisìn kò fẹ́ràn àpéjọ ńlá tí òun kò dá sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ronú nípa ẹni tí wọ́n bá nawọ́ sí pé àjẹ́ ni nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Kì í sábà jẹ́ balógun ìlú. Obìnrin ni, ó sì máa ń ti dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé Òjó pé gbogbo ìgbà tó bá lu agogo láàárín ìlú, apìtàn ní ẹ̀tọ́ láti mú kí èrò kan nawọ́ sí ẹnì kan. Òjó lè dá iná sílẹ̀. Kò lè yan ohun tí iná náà máa jó.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìlú kan kó ẹrù wọn síta, ìyá arúgbó kan gbé ìkòkò àgbo ọmọ tirẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ti ń fi ewé kún láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ sun ún. Ẹni tó ń ṣe àdáhunṣe, tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ọfọ̀ àti ewé, gbàgbé pé eré ni. Ó ní kí ìyá kọ́kọ́ ka gbogbo ewé inú rẹ̀ fún òun, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bínú tòótọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Iye ọfọ̀ tó kú ní Òkè-Ooye, kò sí ìwé tó kà á. Àwa tí à ń gba máàkì lórí ìyókù la mọ ohun tó sọnù.

Mo rántí Isaac Babalọlá Akínyẹlé nígbà náà. Òun ló kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ìwé tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ nípa Ìbàdàn kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ni ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú aládùúrà tó wà lẹ́yìn Babalọlá, ó sì padà di Olúbàdàn ní 1955. Ọwọ́ tó kọ oògùn ló kọ ìtàn àwọn jagunjagun olóògùn sílẹ̀, kò sì fi wọ́n pamọ́.

Mo ju gègé sọ́wọ́ Òjó. Apìtàn ní ṣé onírólà mọ̀wé ni. Mo ní kó ju dáìsì.