Lẹ́tà Leonardo: Ohun tí Ìtàn Kọ́ Wa nípa Ìwé tí A Fi Ń Wá Iṣẹ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ kì í kọ ìwé. Bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí iṣẹ́ ọnà, yóò mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, “Ọmọ ta ni?” Ilé tí ọmọ ti wá ni ẹ̀rí rẹ̀. Oríkì rẹ̀ náà, ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń kì í fún un.

Lónìí, ọ̀gá tí ó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ kò mọ ilé wa. Bébà kan tàbí méjì ni yóò rí kí ó tó rí wa, àwa fúnra wa ni a ó sì sọ ẹni tí a jẹ́ lórí bébà náà. Orúkọ méjì ni a mọ̀ ọ́n sí. CV jẹ́ ìkékúrú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ipa tí ìgbésí-ayé ẹni tọ̀; résumé, ọ̀rọ̀ èdè Faransé, túmọ̀ sí àkópọ̀. Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè sọ nípa ara rẹ̀ láì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, láì sì purọ́? Ẹ jẹ́ kí á bi ìtàn léèrè.

Ọkùnrin kan láti Vinci

Ní ọdún 1452 ni a bí Leonardo ní ìlú Vinci, ní tòsí Florence, ní ilẹ̀ Ítálì. Àlè ni ìyá rẹ̀ bí i fún baba rẹ̀, kò sì kàwé púpọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Verrocchio, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ní Florence, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà ní 1472. Nígbà tí ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ní nǹkan bí 1482, ó fẹ́ wá iṣẹ́ lọ sí Milan, ó sì ṣètò lẹ́tà kan sí Ludovico Sforza tí ó ń ṣàkóso ìlú náà. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣì wà nínú àwọn ìwé Leonardo tí ó wà ní ilé-ìkàwé Ambrosiana ní Milan. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní CV àkọ́kọ́ láyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ó jẹ́ ní tòótọ́.

Ayàwòrán ni Leonardo, ṣùgbọ́n kò fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé ogun ni ó wà níwájú Ludovico, torí Milan kópa nínú ogun tí wọ́n bá Venice jà láti 1482 sí 1484. Nítorí náà, kókó mẹ́wàá ni ó tò, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ mọ́ ogun: afárá fúyẹ́fúyẹ́ tí ó ṣeé gbé kiri, ọ̀nà láti fa omi kúrò nínú yàrà nígbà tí a bá dó ti ìlú, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí a lè gbẹ́ láìpariwo, ọkọ̀ tí a fi nǹkan bò kí ọ̀tá má baà rí àwọn inú rẹ̀ pa. Ìkẹwàá ni ó wá sọ nípa iṣẹ́ ìgbà àlàáfíà: ilé kíkọ́, ọ̀nà omi, ère àti àwòrán. Lẹ́yìn èyí, ó ní òun lè fi idẹ ṣe ère ẹṣin ńlá kan ní ìrántí baba Ludovico. Kò dárúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Kò sí ẹ̀rí pé Leonardo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ìjà wọ̀nyí rí. Ṣé irọ́ ni ó pa nígbà náà? Ẹ kíyè sí bí ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Kò sọ pé òun ti ja ogun báyìí tàbí pé òun ti wó odi báyìí. Ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe ni ó sọ. Ní ìparí, ó ní bí ohunkóhun nínú rẹ̀ bá dà bí èyí tí kò ṣeé ṣe, òun ṣe tán láti dán an wò níbikíbi tí ó bá wu Ludovico. Ó ṣèlérí, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Leonardo ṣiṣẹ́ fún Ludovico fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fi amọ̀ mọ ẹṣin náà, ṣùgbọ́n ní 1494 wọ́n fi idẹ tí ó yẹ kí ó lò rọ àgbá ogun, àwọn ọmọ ogun Faransé sì ba ti amọ̀ náà jẹ́ nígbà tí wọ́n gba Milan ní 1499.

Ní ilẹ̀ tiwa

Ní àkókò ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ní ìwé mẹ́fà lè di akọ̀wé tàbí olùkọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí èyí tí ó lé ní 811,000. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ìwé pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà náà, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó mọ́. Ènìyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun yàtọ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀pọ̀ CV wa. Ọjọ́ ìbí, ìlú, ìpínlẹ̀, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ìdajì ojú ìwé àkọ́kọ́ ti lọ sórí “Ọmọ ta ni?” Ó nídìí o. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ni ó gbé ìlànà pípín ipò ìjọba láàrin àwọn ìpínlẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè ìpínlẹ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n “Kí ni o lè ṣe?” ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń wá.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi irọ́ dí àlàfo. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ní Abuja. Ó ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto, ó sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé ìròyìn tú àṣírí náà, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún kan náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí kò tilẹ̀ pé oṣù méjì.

Ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìkéde iṣẹ́ náà dáadáa, kí ẹ fi ohun tí agbanisíṣẹ́ nílò ṣáájú. Ẹ má kàn kọ pé “òṣìṣẹ́ kára ni mí”. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ibi tí ẹ ti ṣe é, àti ọdún tí ẹ ṣe é. Ọmọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ ṣe ìṣirò ọjà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì ní ohun tí yóò kọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí yóò jẹ́rìí yín kí ẹ tó fi orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè nípa ìlà kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n bá ní kí n wá ṣe é lójú wọn lọ́la, ṣé màá lè ṣe é? Èyí tí ẹ kò bá lè dáhùn sí, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ èyí kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.