Ọmọlangidi, Kami àti ìbọ̀sẹ̀ kan

Ìtàn ọmọlangidi la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Kí bèbí oníke tó gbòde, igi ni àwọn agbẹ́gilére máa ń fi gbẹ́ ọmọlangidi fún àwọn ọmọbìnrin wa nílé. Ọmọ á wẹ̀ ẹ́, á pọ̀n ọ́n, á bá a wí. Ẹ sáà fetí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tó wà nínú ọmọ yẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá jágbe mọ́ ọn láàárọ̀, òun náà á jágbe mọ́ igi. Tó bá yá, á tún rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àánú.

Àwọn àgbà pàápàá ò lè ṣe é tì. Ní 1826, nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn òṣèré eégún ṣeré fún un: wọ́n di òjòlá, wọ́n sì di òyìnbó, wọ́n fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òyìnbó! Nítòsí wa níbí, àwọn Tiv ní Kwagh-hir tiwọn, eré tí ère onígi ti ń mi orí, mi apá. UNESCO kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo ayé.

Nígbà tí ìjọba kó láti Èkó wá sí Abuja ní December 12, 1991, ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀ lé e. A kó bẹ́ẹ̀dì, a kó ìkòkò. A ò rí ìyá àgbà kó, a ò rí agboolé kó. Ọmọ tó ti ní alábàáṣeré mẹ́wàá wá ń dá jókòó ní Kubwa, èdè tí kò gbọ́ yí i ká. Tẹlifíṣọ̀n ló wá di ìyá àgbà.

Orí tẹlifíṣọ̀n NTA yìí náà ni Sesame Square gbà wọlé ní nǹkan bí 2011, àbúrò Sesame Street tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Zobi wà níbẹ̀, tí iṣu ń pa bí ọtí. Kami náà wà níbẹ̀: ọmọ òrukàn, tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, South Africa ló ti kọ́kọ́ jáde ní 2002. Ẹ rántí ìgbà yẹn, tí àwọn èèyàn ń ya ife àti abọ́ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ní àrùn náà. Ohun tí àwa òbí ò lè la ẹnu sọ, bèbí sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa wá ń bi wá pé, "Ṣé a lè bá a jẹun?" Ẹni tó fẹ́ sá fún ìbéèrè yẹn, ibo ló fẹ́ sá gbà?

Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan nínú wa bá rán ojú bọ́tìnnì sára ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, wọ́n ní kó máa sọ Yorùbá. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n kó dé, ẹ̀rín ò sí, ọ̀rọ̀ ò sí. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ló sọ fún pé àárò màmá àgbà ń sọ òun. Ìyá rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ náà.