Owó Ìrànwọ́ Dé Àbújá, Àṣẹ Kò Tí ì Dé Igbó-Elérin

Àṣìṣe kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè: pé bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ àjọ òyìnbó, tó bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, àṣẹ ti dọ́wọ́ ará ìlú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Istanbul lọ́dún 2016, àwọn olówó ìrànwọ́ ṣèlérí pé kó tó di òpin ọdún 2020, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ pàjáwìrì yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn àjọ abẹ́lé. USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ní 2021. Nígbà tó fi di 2023, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó USAID ló dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iye owó nìkan ni àwọn olówó ìrànwọ́ ń kà. Ta ló yan iṣẹ́? Ta ni ìwé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló lè sọ pé a ò fẹ́? Wọn ò ka ìyẹn.

Oògùn ló ṣí mi lójú sí ọ̀rọ̀ yìí jù. Láti 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn Mectizan tọrẹ nítorí àrùn tí eṣinṣin etí odò ń kó ranni, tó ń fọ́ni lójú. Níbẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gbé e wọ abúlé lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ọ́n lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lóko pàdánù tirẹ̀. Lẹ́yìn tí APOC, ètò tí wọ́n fi ń gbógun ti àrùn náà ní Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1995, abúlé fúnra rẹ̀ ló wá ń yan ẹni tí yóò pín in, àti ìgbà tí wọn yóò pín in. Onítọ̀hún á mú ọ̀pá tí wọ́n fàmì sí dání: ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà kò ní gbà, ẹni tó ga dé 159 á gba hóró mẹ́rin. Á sì kọ orúkọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́: àrùn tí wọn yóò bá jà, abúlé kọ́ ló yàn án, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín oògùn náà ni kò sì gba owó oṣù.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Igbó-Elérin, gẹ́gẹ́ bí ní àdúgbò Èkó yòókù, ẹgbẹ́ onílé àti CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ló ń dáwó ra òpó iná, tó ń dáwó tún títì ṣe. Akápò á dìde, á ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ẹnikẹ́ni sì lè ní kó tún un kà. Síbẹ̀, irú àwọn èèyàn yìí ni àwọn olówó ìrànwọ́ ń pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ṣọ́ owó, kí wọ́n tó lè fọkàn tán wọn. Èyí dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin alága CDA, bí àjọ kan bá gbé iṣẹ́ wá, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ọmọ wa, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan àfi tí ẹ bá rí gbogbo owó iṣẹ́ náà ní kíkọ sílẹ̀, tí ẹ sì mọ ẹni tó yàn án.