Rìléè Iná Mọ́tò: Ìtàn Àpótí Kékeré Tó Ń Pàṣẹ fún Iná Ńlá

Bí ẹ bá dé ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí láti Èkó dé Kàdúná, ẹ ó bá àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe níbẹ̀. Réwáyà ni à ń pè wọ́n. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. A kò pè wọ́n ní ẹni tó ń fa wáyà, ẹni tó ń tún wáyà fà ni. Ọkọ̀ ti ní wáyà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Iṣẹ́ tiwọn ni láti tún un fà kí ó lè bá ọ̀nà tiwa mu.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, mo fẹ́ kí a wo ọ̀kan dáadáa: fífi rìléè sí iná iwájú ọkọ̀ nígbà tí onímọ́tò bá fẹ́ pààrọ̀ iná rẹ̀ sí èyí tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan rò pé àfikún owó lásán ni rìléè náà, wọ́n á ní kí réwáyà fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀ rárá. Ní 1835, Joseph Henry, tó jẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Princeton ní Amẹ́ríkà, fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé iná tó ti rìn jìnnà lórí wáyà tí agbára rẹ̀ sì ti dínkù ṣì lè darí iná mìíràn tó lágbára. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: bí iná bá gba inú wáyà tí a wé mọ́ irin, irin náà á di mágnẹ́ẹ̀tì. Mágnẹ́ẹ̀tì yẹn á fa ahọ́n irin kékeré kan, ahọ́n náà á sì ṣílẹ̀kùn tàbí tìlẹ̀kùn fún iná láti bátìrì tó wà nítòsí. Iná kékeré kò gbé ẹrù. Àṣẹ ló pa. Orúkọ tí wọ́n fún un wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n máa ń fi ẹṣin tó ti rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí wọ́n lè gun èyí tó ti sinmi.

Iṣẹ́ tẹlẹgíráàfù ló kọ́kọ́ nílò rẹ̀. Samuel Morse ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní 1844, rìléè sì wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ lè rin ọ̀nà jíjìn lórí wáyà láì parẹ́. Ní 1886, wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà wa ti ń sọ pé àwọn fẹ́ tẹ wáyà sí ẹnì kan. Ìmọ̀ tó wà nínú àpótí kékeré ọwọ́ réwáyà òde òní jẹ́ ìbátan ìmọ̀ tó gbé wáyà àwọn bàbá wa.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ kò ní gílóòbù níwájú. Àtùpà epo tàbí kábáídì ni wọ́n fi ń ríran, irú kábáídì tí àwọn ọdẹ wa fi ń ṣọdẹ òru. Ní 1912, Cadillac gbé ọkọ̀ jáde tó ń fi iná bátìrì ta ẹ́ńjìnnì, tó sì ń fi í tan iná; Charles Kettering ló ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni ìṣòro tẹlẹgíráàfù ti wọ inú ọkọ̀. Súìṣì wà lọ́dọ̀ awakọ̀, bátìrì wà níbòmíràn, gílóòbù sì wà níwájú pátápátá. Gbogbo iná tí gílóòbù ń jẹ gbọ́dọ̀ wọlé wá sọ́dọ̀ awakọ̀, kí ó gba inú súìṣì, kí ó tún padà jáde. Bí ọ̀nà bá ti gùn tó, tí wáyà sì tínrín tó, bẹ́ẹ̀ ni iná ń ṣòfò tó.

Àwọn ìyípadà méjì tẹ̀lé ara wọn tó mú ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àkọ́kọ́ ni ti gílóòbù halogen, tó dé Yúróòpù ní 1962. Nígbà tó di 1971, H4 jáde, èyí tó kó fúlù àti dímù pọ̀ sínú gílóòbù kan. Èkejì ni ti òfin ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Gambia ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1965, Sierra Leone ní 1971. Ghana tẹ̀lé wọn ní 1974. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, tí àwọn aládùúgbò wọn tó ń sọ Faransé sì ti ń gba ọ̀tún, wá di ọ̀kan náà lójú ọ̀nà.

Ìjọba lè yí ojú ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan. Iná iwájú ọkọ̀ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìlú tó ń gba òsì, dímù rẹ̀ máa ń na ìmọ́lẹ̀ síhà òsì, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti koríko wà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń gba ọ̀tún, òsì yẹn gan-an ni ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá lówó lè ra ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò nílé. Lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, náírà já wálẹ̀, apá ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Ti Jámánì wá pẹ̀lú iná tirẹ̀. Ti Amẹ́ríkà àtijọ́ wá pẹ̀lú iná tí wọ́n lẹ gílóòbù àti díńgí rẹ̀ pọ̀ tí a kò lè ṣí. Ti Japan wá pẹ̀lú dímù tó ń wo òsì, kódà nígbà tí wọ́n bá ti gbé sítíárì rẹ̀ kúrò ní ọ̀tún. Réwáyà ló ní láti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Gílóòbù H4 tó bá òfin mu ń jẹ 60 watt ní fúlù. Méjì jẹ́ 120 watt. Lórí bátìrì 12 volt, ampere 10 nìyẹn. Bí awakọ̀ tó ń rìn lóru bá fi 100 watt rọ́pò rẹ̀, méjì di 200 watt, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ampere 17. Ooru inú wáyà kò ní lé díẹ̀ lásán: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Wáyà àti súìṣì tí wọ́n ṣe fún 10 á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí volt tó dé ìdí gílóòbù bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ló lọ. Ẹni tó ra gílóòbù ńlá láì fi rìléè sí i, ooru ló fi owó rẹ̀ rà.

Níbi yìí ni rìléè ti wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, a sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Wáyà tó nípọn láti bátìrì, tí fíúùsì wà lára rẹ̀ nítòsí bátìrì náà, wọ ẹsẹ̀ 30. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí gílóòbù. Wáyà súìṣì ti tẹ́lẹ̀ wọ 86, 85 sì lọ sí bọ́dì ọkọ̀. Rìléè kan fún fúlù, òmíràn fún dímù. Iná tó ń gba inú súìṣì báyìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ampere kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: súìṣì kò lè gbé ẹrù gílóòbù, bátìrì kò sì mọ ìgbà tí awakọ̀ fẹ́ iná.

Jámánì ni wọ́n ti ṣètò àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ní Mushin àti ní Suame Magazine ní Kumasi mọ̀ wọ́n lórí, ó ń fà wọ́n láì wòwé. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni ìdí. Nítorí náà, nígbà tó bá bá ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ pàdé, níbi tí súìṣì wà lójú ọ̀nà tí iná gbà padà sí bọ́dì, ohun tó kọ́ sórí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ ìdí á dúró, á dán an wò. Ẹni tó mọ nọ́ńbà nìkan lè yọ rìléè dànù, kó so wáyà pọ̀. Iná á tàn lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èéfín lè yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ní àárín òru, láàárín ìlú méjì, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀.

Rìléè kò sì lè tún ìwà ṣe. Gílóòbù ńlá nínú díńgí tó ń wo òsì, bó ti wù kí wáyà rẹ̀ dára tó, ojú ẹlòmíràn ló ń fọ́. Réwáyà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí kó tó gba owó rìléè.

Ní 1980, yunifásítì Kumasi gbé ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ kan lọ sí Suame, láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn, dípò kí ó dúró de wọn ní ọgbà rẹ̀. Irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe ní gbogbo ìlú wa, kí a sì fi ìwé kún un. Ìwé pélébé kan tó fi Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Twi ṣàlàyé ìdí tí 30 fi ń lọ sí bátìrì kò ní ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Àwọn tó ń gbé ìrìn àjò òru wa ró láti ogójì ọdún sẹ́yìn ti fi ọwọ́ wọn kọ ìtàn yìí sára ọkọ̀ wa. Ó tó àkókò kí ọmọ iṣẹ́ wọn rí i kà kó tó gba fíríìdọ̀mù.